Kúkíìsì Oníṣokoléètì: Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Kọ́, Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀ Ni

Bí àwọn òbí bá gbé agolo kúkíìsì wá fún ẹnì kan ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, gbogbo wa la mọ̀ pé agolo náà kì í dé ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a fúnra wa ṣe é nílé nígbà ìsinmi, ẹjọ́ ló máa ń dà. Ti ẹnì kan á yọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kálẹ̀, ti ẹlòmíràn á le bí òkúta, ti ẹnì kẹta á jóná nísàlẹ̀ kí òkè rẹ̀ tó jinná. Wọ́n á wá ní, "Ọwọ́ lágbájá ló dáa, ọwọ́ tèmi kò gbà á."

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kọ́ o. Èròjà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú kúkíìsì ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á mọ ohun tó ba tirẹ̀ jẹ́, á sì mọ bí òun ṣe máa tún un ṣe. Bí bọ́tà àti ẹyin ṣe gbówó lórí lóde òní, tíréè kan tó bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é?

Ìyáàfin Ruth Wakefield ni, ní Amẹ́ríkà. Ní 1930, òun àti Kenneth ọkọ rẹ̀ ra ilé kan ní ìlú Whitman, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n sọ ọ́ di ilé oúnjẹ, wọ́n pè é ní Toll House. Ibẹ̀ ni kúkíìsì yìí ti jáde ní nǹkan bí 1938.

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé èèṣì ló ṣe. Wọ́n ní ṣokoléètì tí ìyá náà máa ń lò ló tán, ló bá ṣẹ́ irú mìíràn sínú fúláwà tó ti pò, ó rò pé á yọ́ dà pọ̀, kò sì yọ́. Ìtàn náà dùn, àmọ́ kò jọ òótọ́. Obìnrin yìí kàwé nípa oúnjẹ; ó jáde ilé ẹ̀kọ́ ní Framingham ní 1924, ó sì ti ṣe olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kó tó di pé ó dá ilé oúnjẹ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ńṣe ni òun ń wá nǹkan tó yàtọ̀ sí kúkíìsì tí àwọn oníbàárà òun ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Ní 1939, ó gbà kí ilé iṣẹ́ Nestlé máa tẹ ìlànà rẹ̀ sára ṣokoléètì wọn. Ní 1997, ìpínlẹ̀ Massachusetts sọ ọ́ di kúkíìsì ìpínlẹ̀ wọn, àwọn ọmọ ilé ìwé ló sì dá àbá náà.

Ìran tiwa náà kò ṣàjèjì sí ṣokoléètì, torí pé inú kòkó ló ti ń wá. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965. Bí àgbẹ̀ bá sì la kòkó, kì í sá a lójú ẹsẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa fi bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kó lè gbóná, kó sì kan. Kòkó tí kò bá kan dáadáa kò lè ní adùn ṣokoléètì, iye ṣúgà yòówù kí wọ́n dà sí i. Láti oko ni ìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a máa lò

Èyí á tó bíi 25 sí 30 kúkíìsì kéékèèké:
- Fúláwà, gíráàmù 140 (ife 1 àti ṣíbí ìjẹun 2)
- Bọ́tà, gíráàmù 115 (ìdajì ife)
- Ṣúgà funfun, gíráàmù 75
- Ṣúgà pupa, gíráàmù 80
- Ẹyin 1
- Béékìn sódà, ìdajì ṣíbí tíì
- Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì (bí bọ́tà yín bá ti ní iyọ̀, ẹ dín in kù)
- Fàníílà, ìdajì ṣíbí tíì
- Ṣokoléètì tí a gé wẹ́wẹ́, gíráàmù 170 (ife 1)

Iṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe

Bọ́tà ló ń mú kí kúkíìsì rọ̀ lẹ́nu. Àmọ́ bí ooru bá ti tó nǹkan bí 35 Celsius, yíyọ́ ló ń yọ́. Ní òkè Ọya níbí, ooru oṣù Kẹta máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Bí bọ́tà bá ti yọ́ kó tó wọ inú iná, kúkíìsì á ṣàn kálẹ̀ kó tó rí àyè dúró. Ẹ gbé èyí tí ẹ pò sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán. Bí kò bá sí fíríìjì, ẹ gbé abọ́ náà lé orí omi yìnyín.

Ṣúgà kì í kàn ṣe adùn nìkan. Ṣúgà funfun ló ń jẹ́ kí etí kúkíìsì gbẹ, kó máa dún lẹ́nu. Ṣúgà pupa ní oje ìrèké dúdú nínú. Oje yìí ló ń jẹ́ kí àárín rẹ̀ rọ̀. Oje náà tún kan díẹ̀, kíkan rẹ̀ ló sì ń jí béékìn sódà kó lè yọ afẹ́fẹ́ tó ń gbé kúkíìsì sókè. Bí ẹ kò bá rí ṣúgà pupa, mazarkwaila tí àwọn Hausa ń fi ìrèké ṣe wà lọ́jà. Ẹ gún un kúnná, kí ẹ sẹ́ ẹ, á ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ ṣúgà funfun nìkan lẹ ní, ẹ fi béékìn páúdà ṣíbí tíì 1 rọ́pò sódà, torí pé òun ní kíkan tirẹ̀ nínú.

Fúláwà ni egungun rẹ̀. Bí ó bá ti kan omi, tí a wá ń pò ó ṣáá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bíi rọ́bà. Búrẹ́dì fẹ́ bẹ́ẹ̀, kúkíìsì kò fẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko. Ti kúkíìsì ò ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ kò bá ti rí fúláwà funfun mọ́, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹyin ló ń so gbogbo wọn pọ̀. Iyọ̀ ló ń jẹ́ kí adùn jáde. Ní ti ṣokoléètì, ọ̀rá kòkó inú rẹ̀ máa ń yọ́ ní nǹkan bí 34 Celsius, ara ènìyàn sì jẹ́ 37. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ lẹ́nu wa, ìdí kan náà ló fi ń yọ́ sínú àpótí wa.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ po bọ́tà àti ṣúgà méjèèjì pọ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi mọ́ díẹ̀. Ẹ fọ́ ẹyin sí i, ẹ da fàníílà sí i, ẹ tún un pò.
2. Ẹ sẹ́ fúláwà, sódà àti iyọ̀ pọ̀, ẹ dà á sínú rẹ̀, ẹ rọra pò ó. Ẹ da ṣokoléètì sí i.
3. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ bù ú ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan sórí tíréè, kí àyè wà láàárín wọn.
4. Ẹ yan án nínú ófúnù tó ti gbóná dé 190 Celsius fún ìṣẹ́jú 9 sí 11.

Ẹni tí kò ní ófúnù lè lo ìkòkò ńlá tó nípọn. Ẹ da yanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15. Kí iná má pọ̀. Ẹ wá gbé páànù lé orí yanrìn náà, ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìṣẹ́jú 12.

Ẹ yọ ọ́ nígbà tí etí rẹ̀ bá ti pọ́n, tí àárín ṣì rọ̀. Ooru tíréè á parí iṣẹ́ tó kù. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 5.

Ìkìlọ̀ méjì: ẹ má lá èyí tí kò tíì jinná, torí pé kòkòrò àìsàn lè wà nínú ẹyin tútù àti nínú fúláwà tútù. Bákan náà, yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ilé ìdáná. Nílé tàbí ní yàrá ìdáná ilé ìwé, lójú olùkọ́, ni ibi tó yẹ.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn

Ẹyọ kan yìí ló máa gba tíréè yín là. Bí ó bá ṣàn kálẹ̀, bọ́tà ti gbóná jù: ẹ dá ìyókù padà sínú òtútù. Bí ó bá duro gelete bíi bọ́ọ̀lù, fúláwà ti pọ̀ jù: ẹ fi ọwọ́ tẹ ìyókù pẹlẹbẹ. Bí ìsàlẹ̀ bá jóná tí òkè ò jinná, iná ìsàlẹ̀ ló pọ̀: ẹ dín in kù, tàbí kí ẹ fi páànù méjì lé ara wọn.

Bí ẹ bá ṣe é ní ìsinmi, ẹ kọ ohun tí ẹ lò, ohun tí ẹ fi rọ́pò èyí tí ẹ kò rí, àti bó ṣe jáde sílẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ kó o wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní sáà tó ń bọ̀. Bí agolo bá bá ìwé náà wá, a kò ní kọ̀ ọ́ o.