Kí Ló Kan Dókítà Ojú Nínú Ọ̀rọ̀ Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé?

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan láàrin wa, tí ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ nígbà tí oyún kò ju oṣù méje lọ, bi wá pé: "Akọ̀wé, ọmọ ń mí dáadáa, ó ń mu ọmú. Kí ló wá kan dókítà ojú?" A ṣèlérí pé a ó wádìí. Èsì rẹ̀ rèé.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ló tò pọ̀ di iṣan ẹ̀jẹ̀. Nínú awọ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú, iṣan wọ̀nyí ń bẹ̀rẹ̀ sí hù nígbà tí oyún bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Láti àárín ni wọ́n ti ń lọ sí etí awọ náà, wọn kì í sì í débẹ̀ tán títí oyún yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 40. Ọmọ tó bá tètè dé, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ojú rẹ̀ kò tíì là tán.

Kí ló ń pe iṣan wọ̀nyí? Ebi ni. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé ń wá ọ́síjìn, ó sì ń tú nǹkan kan jáde tí wọ́n ń pè ní VEGF. Iṣẹ́ méjì ni VEGF ń ṣe: ó ń pe iṣan tuntun kó máa bọ̀, ó sì ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pé kó má kú. Bí ìpè yìí bá dákẹ́, sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á pa ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ebi ń pa àdúgbò tuntun kan, wọ́n ń ké sí olóúnjẹ. Àwọn oníṣòwò dé, wọ́n kan ìsọ̀, gbèsè ṣì wà lọ́rùn wọn. Lójijì, ọkọ̀ ńlá kó oúnjẹ ọ̀fẹ́ dé. Ta ni yóò tún rajà? Àwọn ọlọ́jà tuntun kógbá wọlé. Nígbà tó yá, ọ̀fẹ́ tán, ará àdúgbò sì ti pọ̀ sí i. Ariwo ebi ta, àwọn èèyàn ń rọ́ wá, wọ́n ń kan ìsọ̀ sójú títì, wọ́n ń kan án sórí gọ́tà. Ọjà dàrú.

Ọ́síjìn àpọ̀jù ni oúnjẹ ọ̀fẹ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, tí awọ náà sì ń dàgbà, VEGF á tú jáde lápọ̀jù. Iṣan á máa hù síbi tí kò yẹ, á máa ṣẹ̀jẹ̀, ó sì lè fa awọ náà kúrò ní ipò rẹ̀. Ojú lè fọ́ pátápátá.

Ní 1942 ni dókítà kan ní Boston, Terry, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àìsàn yìí. Ní 1951, Kate Campbell ní Melbourne nawọ́ sí ọ́síjìn, ìwádìí ńlá l'Amẹ́ríkà ní 1953 sí 1954 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Stevie Wonder olórin, tí wọ́n bí ní 1950, wà lára àwọn tó fara gbá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ṣẹ́ ọ́síjìn kù jù, ọmọ mìíràn kú. Ìwọ̀n ni nǹkan. Lónìí, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ọ́síjìn fún ọmọ o, ẹ̀mí ni. Àyẹ̀wò ojú ni kí ẹ má fi falẹ̀, pàápàá fún ọmọ tí kò tó kílò kan àbọ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ìyá ọmọ kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìbàjẹ́ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè fi iná lésà jó apá tí ń ké ebi, tàbí kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń pa VEGF lẹ́nu mọ́.

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ tí dókítà dá gan-an. Bí owó bá ṣòro, ẹ wá rí wa ní ọ́fíìsì kí ọjọ́ náà tó kọjá. Irú nǹkan báyìí ni a ṣe ń dá owó jọ.