Àká-omi: Orúkọ fún Àgbá Omi Orí Òpó

Ọdún 1910 ni ìjọba amúnisìn dá ilé-iṣẹ́ omi Ìjú sílẹ̀ fún ìlú Èkó. Ìpájà kò jìnnà sí Ìjú, síbẹ̀ omi náà kò dé ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀; onílé a gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, a sì gbé àgbá oníke ka orí òpó irin.

Kí ni kí olùkọ́ pe ohun yìí? Bí a bá tú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀, "ilé-ìṣọ́ omi" ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n ta ni ń ṣọ́nà níbẹ̀? "Tánkì" kò burú, àmọ́ èyí tí a gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ náà, tánkì ni. Gíga gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀: bí omi bá fi mítà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, ipá tí yóò fi máa tì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ipá afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká. Iná lè lọ. Omi yóò ṣì máa sọ̀ kalẹ̀.

Àká-omi ni mo dábàá. Orí òpó ni àká àgbàdo ń dúró. A ń kó o sí i nígbà ọ̀pọ̀, a ń bù ú nígbà ọ̀wọ́n. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìpájà ìwòyí kò rí àká rí. Àgbá orí òpó ni wọ́n mọ̀, olùkọ́ sì lè nawọ́ sí i láti ojú fèrèsé.