Lítà Epo Mélòó Ni Iṣẹ́ Oṣù Kan Lè Rà?

Ẹ̀yin ìyá ilé àti ẹ̀yin baálé, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́jà, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ àríyànjiyàn kan. Ẹnìkan á kígbe pé epo ọkọ̀ ti wọ́n jù. Ẹlòmíràn á dáhùn pé, “Ẹ máa dúpẹ́, ọ̀pọ̀ ni tiwa ṣì jẹ́. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń rà á ju báyìí lọ.” Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, NNPC ń ta lítà kan ní 1,030 náírà ní Àbújá. Nílùú Ọba, lítà kan tó nǹkan bíi pọ́ùn kan àti pẹ́ńsì 35. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó ju 2,500 lọ. Títí dé ibí yìí, ẹni tó ń jiyàn nínú ọkọ̀ ló jàre. Ṣùgbọ́n owó wo ni ará ibẹ̀ fi ń rà á? Lọ́dún náà, owó tó kéré jù tí òfin wọn fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21 jẹ́ pọ́ùn 11 àti pẹ́ńsì 44 fún wákàtí kan péré. Ẹ pín in, ó rà tó lítà mẹ́jọ. Nínú oṣù kẹwàá yẹn kan náà ni ìjọba Kogí fọwọ́ sí 72,500 náírà fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù, fún odidi oṣù. Ẹ pín èyí náà: lítà 70. Epo tí agbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Kàbà fi iṣẹ́ oṣù kan rà, agbálẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti ríye rẹ̀ kí wákàtí mẹ́sàn-án tó pé, kí wọ́n tó yọ owó orí. N kò ní ayé dẹ wọ́n lọ́hùn-ún o. Ẹ bi àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ léèrè owó ilé!

Kí ẹ má sì sọ pé òyìnbó nìkan ni mo fi wé wa, ẹ jẹ́ kí a yà sí Bẹ̀nẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó oṣù tó kéré jù níbẹ̀ ti di 52,000 sẹ́fà. Ní ìparí 2024, lítà kan nílé epo wọn tó nǹkan bíi 700 sẹ́fà. Lítà 74 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwa ni a ń wa epo tà fún ayé.

Ẹ tún wo tiwa àtijọ́. Ní 2019 tí owó oṣù tó kéré jù di 30,000 ní Nàìjíríà, 145 náírà ni lítà kan: ó lé ní lítà 200. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Tinubu kéde, ní 29 May 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Owó oṣù ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣùgbọ́n ní 2024, epo tí ó rà ti dín kù sí nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta.

Òṣìṣẹ́ ìjọba sì nìyẹn. Ìyá tó ń din gààrí ní Ìyàrà tàbí ní Mopa kò sí nínú ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni. Epo ni ọ̀kadà fi gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá láti oko. Epo ni ẹ̀rọ fi rin ín. Epo náà ni ọkọ̀ fi gbé àpò rẹ̀ dé Lọ́kọ́jà. Ó ti san owó epo lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó wọn kọ́ńgò kan, oníbàárà á sì bojú wò ó, á ní, “Ìyá, gààrí yín ti wọ́n jù.”