Oúnjẹ Zaria kò sí ní etí títì

Láìpẹ́ yìí ni àna mi kan ti Ìbàdàn wá bá wa ṣe ìkómọ ní Gyellesu. Ní ọjọ́ kẹta tó dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bà ni mo ń jẹ láti Kwangila dé ìhín. Ṣé ìlú yín kò ní oúnjẹ tirẹ̀ ni?" Ojú tì mí. Èmi tí mo ti lò ju ogún ọdún lọ níbí, tí wọ́n tún ń pè ní aṣáájú àwọn ará wa, àlejò mi ń jẹ ohun tó fi sílẹ̀ nílé!

Kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Kwangila, tó gba PZ wá sí Tudun Wada, ilé oúnjẹ tí yóò rí lọ́nà, ti èrò ọkọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ oúnjẹ Zaria sè jù kì í jáde rárá. Ẹlẹ́hàá ni wọ́n. Inú ilé ni wọ́n ti ń lọ̀, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń dín, ọmọ ló sì ń gbé e jáde lórí. Bí èèyàn kò bá ní ẹni tó mọ ilé, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan níbí kó má fi ẹnu kan án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá oní-máásà àdúgbò wa. N kò rí ojú rẹ̀ rí títí di òní, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ìrẹsì funfun tí wọ́n fi ń ro túwó ló máa ń rẹ sómi. Á se díẹ̀ nínú rẹ̀, á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tútù tó kù, á fi ìwúkàrà sí i, á sì dé e mọ́jú. Ní ìdájí, á fi káún díẹ̀ sí i kó má baà kan jù, ṣúgà náà á tẹ̀ lé e. Àwo tó ní kòtò kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní tándà, ló fi ń dín in, á máa yí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbẹ, inú á rọ̀, á kan lẹ́nu díẹ̀. Ọbẹ̀ táúṣè ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́: elégédé, ẹ̀pà lílọ̀, ẹran, àti ewé yákúwà, ìyẹn ìṣápá wa náà. Ẹni tó bá ti jẹ mọ́sà Ìlọrin rí yóò mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàdo ni wọ́n sábà fi ń ṣe tọ̀hún.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo gba sáúrè, ìyẹn yàrá ẹnu ọ̀nà ilé Hausa, kọjá tààrà sínú àgbàlá, bí ẹni ń wọ ilé ìyá rẹ̀. Ariwo tí mo gbọ́, mi ò wo ẹ̀yìn tí mo fi sá jáde! Nítorí náà, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kí wọn ní "Sàlámù àléékù", ẹ dúró de ọmọ, kí ẹ fún un ní abọ́ àti owó.

Àwọn yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Kòsáì pẹ̀lú kókò, àkàrà àti ògì nìyẹn, wà ní kùtùkùtù. Túwó pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà di alẹ́. Àwọn ọmọ wa tó ń yínmú sí i kò mọ̀ pé lúrú tí ìyá wọn àgbà ń sè náà ni. Fúrà ń ti ọwọ́ àwọn obìnrin Fúlàní wá nínú igbá: jéró gígún, ata ilẹ̀, kànáfùrù àti ẹ̀ẹ̀rù, tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n se wàrà náà kó tó kan o, nítorí wàrà tútù lè kó àìsàn ranni.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń dùn mí. Ọmọbìnrin tó máa ń gbé máásà wá sílé wa nígbà náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ á bá a lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ tèmi á jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ tán, wọ́n á gbé báàgì, wọ́n á lọ sílé-ìwé, òun á tún gbé igbá rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó ro ó. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sì lòdì sí kí a máa fi ọmọdé kiri ọjà.

Mo bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó dá mi lóhùn pé, "Bí kò bá gbé e, ta ni yóò gbé e? Ìyá rẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí a ṣe ni pé ilé márùn-ún lára wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ lọ fúnra wa kí aago méje tó lù, ọmọ náà sì bọ́ sílé-ìwé. Ó ti wà ní girama báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníbàárà ojú ọ̀nà ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àti láti 2023 tí ìrẹsì ti gbówó lórí, ọjọ́ mìíràn àgbàdo ló ń lò. Àwọn ará wa kan ń ráhùn pé ọ̀nà jìn. Ọ̀nà wo ló jìn? Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni!

Mo mú àna mi lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, abọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Méjìlá ló jẹ. Ó ní dandan ni kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dín in. Mo ní kó kí i láti ibi tó wà. Ó bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú sáúrè. A gbọ́ ohùn ìyá lẹ́yìn ògiri, ó ń bi ọmọ léèrè pé kí ló ṣubú.