Ẹgbẹ́ Aláàánú ní Ọjọ́ Ọdún Ìlú

Bí olùdánwò bá ní kí o ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ aláàánú ṣe lè di ti ará ìlú, má ṣe máa yin ẹgbẹ́ náà bí ẹni ń ki ọba. Àlàyé ni wọ́n bi ọ́. Mú ibi tí o mọ̀, kí o sì fi bí nǹkan ti ń lọ níbẹ̀ hàn. Ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ní agbègbè Kàbà, ni èmi yóò mú.

Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Red Cross, ni àpẹẹrẹ wa. Òfin ọdún 1960 ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n orísun rẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1859, Henry Dunant, ará Switzerland, bá àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní Solferino ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn obìnrin ìlú Castiglione tí ó wà nítòsí ń tọ́jú wọn láìbéèrè ọmọ ogun ẹni tí wọ́n í ṣe. Ní 1863 ni ẹgbẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ ní Geneva. O rí i pé ará ìlú ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí ẹgbẹ́ tó dé.

Nígbà ọdún iṣu titun ní Ògìdì ní Ìjùmú, àwọn ọmọ ìlú a máa ti Èkó, Àbújá àti Lọ́kọ́ja wálé. "Okun o!" ni o ó máa gbọ́ káàkiri. Èrò á pọ̀, oòrùn á mú, ẹlòmíràn á dákú, ìgò á gún ọmọdé lẹ́sẹ̀. Irú ọjọ́ báyìí gan-an ni ẹgbẹ́ aláàánú ń wá.

Iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lórí pápá o. Ààfin ni àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ń kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ ní Kàbà, wọn yóò kí Ọbaró, wọn yóò tọrọ àyè lábẹ́ igi, nítòsí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà jáde. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tẹ́ omi, aṣọ ìdìgbẹ́ àti àkéte ìgbáláìsàn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ gba gbohùngbohùn láti wàásù, ẹ̀yìn ni èrò yóò kọ sí i, wọn yóò lọ bá onílù.

Lọ́dún kan tí mo ṣì ń kọ́ni, mo rí ìyá kan tí ó fẹ́ da kẹrosíìnì sójú ọgbẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn olùyọ̀ǹda kò bá a jà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ yìí tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ sókè, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ìyá náà kò lọ mọ́. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni ó ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wòran. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé omi tútù tí ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú ni a fi ń tọ́jú ibi tí iná jó, kì í ṣe epo pupa.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ là á yé èrò pé àgbélébùú náà kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àsíá Switzerland ni wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Òṣùpá pupa ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ń lò fún iṣẹ́ kan náà. Ní ilẹ̀ tí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti jọ ń gbé, àlàyé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní 2012, Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé kún bo bèbè, omi sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Lọ́kọ́ja. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ ní 2022. Àlejò tí ó kó oúnjẹ dé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ ilé arúgbó, kò mọ opó tí kò lè jà fún ìpín tirẹ̀. Ará ìlú náà a sì máa fura pé àwọn ọlọ́lá ni yóò pín in láàrin ara wọn. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé àpótí owó kalẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, kí wọ́n kà á lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì wá sọ ohun tí wọ́n fi rà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Wọn yóò gba orúkọ àwọn tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Bí ogójì bá kọ orúkọ, ó lè jẹ́ mẹ́wàá péré ni yóò wá sí kíláàsì ní Sátidé. Ẹ̀kọ́ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́wàá náà, nítorí gbogbo ìlú ni ó mọ ilé wọn.