Egungun Ni Ó Di Irin Mú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé, bí oníṣẹ́ abẹ bá fi irin de egungun ẹ̀yìn tí ó ṣẹ́ tàbí tí ó wọ́, líle irin náà ni ó mú aláìsàn dúró. Bí a bá yẹ ọ̀ràn náà wò dáradára, a ó rí i pé egungun ni ó di irin mú. Bí egungun kò bá lágbára, asán ni agbára irin.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Paul Harrington ti ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀pá irin fún àwọn ọmọ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ ẹ̀yìn wọn di wíwọ́. Ìkọ́ ni ó fi gbé ọ̀pá náà kọ́ egungun, lókè àti nísàlẹ̀. Nítorí pé ibi méjì péré ni ẹrù wọ̀, ìkọ́ a máa yọ nígbà mìíràn, ọ̀pá a sì máa kán.

Ní ọdún 1963, Raymond Roy-Camille ní ìlú Paris bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìṣó tí a ń yí wọlé, bí èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń lò. Ìṣó yìí ń gba ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so ẹ̀yìn egungun kọ̀ọ̀kan mọ́ iwájú rẹ̀. Èèpo ọrùn náà le. Òun ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára tí ó di ìṣó mú. Ṣùgbọ́n iṣan ńlá tí ó ti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí ìṣó bá ṣìnà, ẹsẹ̀ aláìsàn lè rọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo pákó ìrókò àti pákó tí ikán ti jẹ. Ìṣó kan náà kò lè dúró bákan náà nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni egungun arúgbó tí inú rẹ̀ ti di oníhò bí kànrìnkàn. Ìṣó tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa dìmú sí i, ṣùgbọ́n bí ó bá ju ọrùn egungun lọ, yóò là á. Nítorí náà, àwọn dókítà mìíràn a máa fi ohun kan bí símẹ́ǹtì kún ihò rẹ̀.

Síbẹ̀, bí a ti ń rìn tí a sì ń bẹ̀rẹ̀, ìṣó ń mì díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lẹ egungun mọ́ egungun kí wọn lè so pọ̀. Bí wọn kò bá so pọ̀, bó pẹ́ bó yá, ìṣó lè tú, irin sì lè kán bí wáyà tí a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Irin ń bá egungun ru ẹrù fún ìgbà díẹ̀ ni; egungun ni ó ni ẹrù.