Àtẹ Kókó Átọ́ọ̀mù Bí Afárá Oyin

Iye pírótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù ni a fi ń dá kókó átọ́ọ̀mù mọ̀. Lórí àtẹ onígun mẹ́rin, àwọn kókó tí àpapọ̀ iye méjèèjì wọn dọ́gba kàn ń fi igun kan ara wọn ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ojú onígun mẹ́fà bí afárá oyin: ìlà kọ̀ọ̀kan fún iye pírótọ́ọ̀nù kan, kí niútírọ́ọ̀nù máa pọ̀ sí i lọ sí ọ̀tún, kí ìlà òkè sì fi ìdajì ojú sún sí ọ̀tún ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Nígbà náà ni kábọ́ọ̀nù-14, tí ó ní pírótọ́ọ̀nù 6 àti niútírọ́ọ̀nù 8, yóò múlé ti náítírójìn-14, tí ó ní 7 àti 7. Bí niútírọ́ọ̀nù kan bá di pírótọ́ọ̀nù, ilé aládùúgbò ni kábọ́ọ̀nù náà ṣí lọ. Ìṣípòpadà yìí ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ọjọ́ orí èédú àti egungun.